Ẹsẹ 10 tá a máa ń fò

Kí n má purọ́ fún yín, ẹsẹ Bíbélì kan wà tó ti ń bí mi nínú tipẹ́. Jeremáyà 29 ẹsẹ 11. Látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ta ni ò tíì fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "èrò àlàáfíà, kì í ṣe fún ibi", tòun ti àwòrán òdòdó, màá ní àmín, màá gbé fóònù sílẹ̀, màá tún dojú kọ àjà.

Èmi náà ò sì dákẹ́ o, mo ń fún Ọlọ́run ní déètì. Mo ní kóṣù tó parí. Oṣù parí. Mo ní ó dáa, kó tó di ọjọ́ ìbí mi, ọjọ́ ìbí dé, wọ́n kí mi, mo rẹ́rìn-ín, mo wọ yàrá lọ mo sunkún. Ó wá dé ibi tí mi ò lè gbàdúrà mọ́, mo kàn máa ń jókòó síbẹ̀ ṣáá ni.

Lọ́jọ́ kan ni mo wá ní kí n tiẹ̀ ka orí yẹn látòkè. Àṣé lẹ́tà ni! Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sáwọn tí Nebukadinésárì kó lọ sí Bábílónì, ẹsẹ 10 tó ṣáájú ẹsẹ òdòdó yẹn sì ní ó di ẹ̀yìn 70 ọdún. Àádọ́rin ọdún! Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ lẹ́tà yẹn ò ní fojú kan ilé mọ́. Ẹ wo orí 28, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti ní ọdún 2 péré ni, irọ́ ló pa, àmọ́ ká sòótọ́, sọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ ni mi ò bá máa lọ.

Kí wá ni Ọlọ́run ní kí wọ́n máa ṣe? Ẹ kọ́lé. Ẹ gbin ọgbà. Ẹ fẹ́yàwó, ẹ bímọ. Ní Bábílónì níbẹ̀ o! Ibẹ̀ lojú ti tì mí, torí mi ò pe ọ̀rẹ́, mi ò lọ síbì kankan, mo ti ní ó dìgbà tíṣẹ́ bá dé kí n tó máa gbé ayé. Ohun tí mò ń pè ní ìgbàgbọ́, kàlẹ́ńdà ni.

Mo ṣì ń tọrọ iṣẹ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò kàn yan ọjọ́ fún Ọlọ́run mọ́, mo máa ń sọ bó ṣe ń dùn mí fún un ni, Sáàmù 88 tiẹ̀ parí sínú òkùnkùn báyẹn láìsí ìyìn kankan lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú Bíbélì, ìyẹn tù mí nínú ju gbogbo òdòdó yẹn lọ.

Iṣẹ́ ò tíì dé. Mo ti padà sí kúáyà, mo sì ń kọ́ ọmọ aládùúgbò wa kan ní ìṣirò, ọ̀fẹ́ ni, orí ẹ̀ le díẹ̀, tèmi náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ já fáfá. Lánàá ó gba èyí tó ti ń dà á láàmú látọjọ́ yìí, ló bá pariwo, lèmi náà bá pariwo, ìgbà tó lọ tán ni mo tó rántí pé mi ò tíì wo ímeèlì látàárọ̀.