Bí Ara Bá Kọ Iṣẹ́: Ti Nàìjíríà àti Ti Amẹ́ríkà

Bí ara òṣìṣẹ́ bá kọ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ohun tí òfin kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọ̀ràn náà ti bá a. Ṣé ẹnu iṣẹ́ ni àbí ilé? Ní Amẹ́ríkà tí mo ń gbé báyìí, ì báà jẹ́ orí àkàbà níbi iṣẹ́ lẹ ti já bọ́, ì báà jẹ́ inú balùwẹ̀ yín, ìyẹn kọ́ ni wọ́n máa bi yín. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé: ṣé owó tẹ́ ẹ ti dá sínú àpò Social Security, ètò ìdójútòfò ìjọba fáwọn òṣìṣẹ́, ti tó, kí ni ara yín kò sì lè ṣe mọ́? Mo ti bá àwọn èèyàn wa tó wà níbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òye ti ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wo ti ibí, owó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn sì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ilé ná. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ló wà nídìí ẹ̀, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF ló sì ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san fáwọn èèyàn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀ sí i. Ẹni tí ẹ̀rọ gé níka, ẹni tí kẹ́míkà ibi iṣẹ́ ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, títí kan ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí lójú ọ̀nà ilé sí ibi iṣẹ́, òfin náà gbà wọ́n mọ́ra. Kí òṣìṣẹ́ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7, kí ẹni tó farapa sì kọ̀wé béèrè owó kí ọdún kan tó pé. Ẹni tí kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún un. Ẹni tó pàdánù ìka tó ṣì lè ṣe nǹkan díẹ̀, ìpín tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Òfin tó dára ni, mi ò ní fi bò. Àmọ́ bí rọpárọsẹ̀ bá dá òṣìṣẹ́ yẹn dúbúlẹ̀ nínú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ti NSITF níbẹ̀. Ohun tó kù fún un ni owó ìfẹ̀yìntì. Pension Reform Act ti 2014 gbà pé bí dókítà tàbí ìgbìmọ̀ ìṣègùn bá jẹ́rìí sí i pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ó lè máa gba owó rẹ̀ kó tó pé ẹni 50 ọdún. Owó tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ ti kó pamọ́ sì nìyẹn, bó bá tán, ó tán. Ti télọ̀, mẹkáníìkì àti ìyá ọlọ́jà ńkọ́? Ẹbí ni adójútòfò tiwọn.

Owó àìlera ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní SSDI, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1956. Wọ́n ń yọ 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ fún Social Security, ọ̀gá á san iye kan náà, owó ìfẹ̀yìntì àti ti àìlera ló sì wà nínú ẹ̀. Ẹ wo ìwé owó oṣù yín, ó wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní FICA. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, bíi awakọ̀ Uber, á san apá méjèèjì. Nítorí náà, owó àánú kọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún ń sọ pé òun ò fẹ́ tọrọ bárà lọ́wọ́ ìjọba. Ìdójútòfò tí wọ́n ti ń san ni. SSI tí wọ́n ń fún aláìní ni nǹkan mìíràn, ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há. Kò sí ti ìdajì níbẹ̀ bíi tilé. Àìsàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti lo oṣù 12 tàbí tó máa lò ó, tàbí èyí tó lè yọrí sí ikú. Lọ́dún 2025, ẹni tójú rẹ̀ ríran tó ṣì ń pa ju 1,620 dọ́là lóṣù, wọn kò ní wo ìwé àìsàn rẹ̀ rárá kí wọ́n tó dá a padà.

Kírẹ́díìtì, ìyẹn àmì tí wọ́n ń kọ sí orúkọ yín bẹ́ ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ sì ń san owó Social Security, ló tún kù. Mẹ́rin lèèyàn lè rí lọ́dún. Ó gbọ́dọ̀ pé 40, kí 20 nínú ẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn ọ̀dọ́ kéré sí èyí. Ibi tó ti ń ká àwọn èèyàn wa mọ́ nìyí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́wọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀ kò ní kírẹ́díìtì kankan. Èyí tẹ́ ẹ fi orúkọ ẹlòmíì ṣe, kò wọ orúkọ yín. Ọdún tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò sí nínú ìṣirò, torí Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn pẹ̀lú Nàìjíríà lórí èyí bó ṣe ní in pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó sì burú jù lójú tèmi: ẹni tó ṣàìsàn, tó gba ilé lọ láti lọ gbàtọ́jú, tó lo bí ọdún mẹ́fà lọ́hùn-ún, tó wá padà dé láti béèrè. Bíi ọdún márùn-ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ìdójútòfò náà á ti kú, àfi tẹ́ ẹ bá lè fi ìwé dókítà hàn pé àìsàn náà ti dá yín dúró kó tó kú. Ẹ kọ̀wé béèrè kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Kíkọ̀wé ò le. Ẹ lè ṣe é lórí ssa.gov, ẹ lè pe 1-800-772-1213, ẹ sì lè lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n á gba orúkọ gbogbo dókítà àti ọsibítù tẹ́ ẹ lọ, oògùn tẹ́ ẹ ń lò, àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù SSA-827 kí wọ́n lè gba fáìlì yín lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Àjọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DDS ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní Function Report. Ó ń béèrè ohun tẹ́ ẹ ń ṣe látìgbà tẹ́ ẹ bá jí títí tẹ́ ẹ fi máa sùn, bí ẹ ṣe lè rìn jìnnà tó kẹ́ ẹ tó sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbé àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú títí ẹ̀yìn náà fi bà jẹ́ ní kí n bá òun kọ ọ́. A dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ń se oúnjẹ. Ó ní, "Kọ bẹ́ẹ̀ ni, ṣé èmi ni mi ò ní lè se oúnjẹ ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń bá yín sọ ìkòkò kalẹ̀?" Ó ní ọmọ òun ni. Ìjókòó ńkọ́? Ó ní àga ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bí òun bá sì ṣe tán, òun máa ń lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ kóun tó lè jẹun. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyẹn.

A kì í sọ àìsàn jáde, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Dókítà á ní báwo ni, a ó ní a dúpẹ́. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara aláìsàn yá. Lóṣù mélòó kan sí i, ẹni tí kò mọ̀ yín rí á ṣí fáìlì náà, ohun tó bá nínú ẹ̀ ló máa fi dájọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Nílé, èèyàn lè ra oògùn ní kẹ́mísítì fún ọdún mẹ́ta, gbogbo àdúgbò á sì jẹ́rìí pé ara rẹ̀ ò yá. Níbí, fáìlì ni ẹlẹ́rìí.

Wọ́n ń dá ọ̀pọ̀ ìwé padà nígbà àkọ́kọ́. Ẹ má tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ọjọ́ 60 tó pé: àtúnyẹ̀wò ló kọ́kọ́ ń wáyé, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fojú kojú pẹ̀lú adájọ́ wọn. Lọ́yà tó bá gbẹjọ́ yín kì í sábà gba owó ọ̀yà àfi tẹ́ ẹ bá borí. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀yìn, ìyẹn owó àwọn oṣù tó ti kọjá tí wọn kò tíì san fún yín, lòfin gbà fún un, kò sì gbọdọ̀ ju 9,200 dọ́là lọ lọ́dún 2025.

Bí wọ́n bá gbà, wọn kì í san owó oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ tí àìlera náà fi bẹ̀rẹ̀. Medicare, ìdójútòfò ìlera ti ìjọba, á dé lẹ́yìn oṣù 24 tí owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ sí yín, àwọn ọmọ yín tí wọn kò tíì pé 18 náà sì lè ní ìpín. Ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí náà lè wọ ssa.gov kó wo àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ọdún kan bá sọnù níbẹ̀, W-2 ọdún náà, ìwé tí ọ̀gá fi ń sọ iye owó tó san fún un, ni kó fi ránṣẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.