Ohun tí gíríìnháòsì ẹ̀yìnkùlé kọ́ mi nípa hóró àti èèhù

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń múra àtikọ́ gíríìnháòsì, ilé tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ̀ tí wọ́n ń gbin ewéko sí, sẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò kọ́kọ́ kan igi, irin tàbí ọ̀rá tí ẹ máa fi bo ilé. Ọjọ́ orí ewéko ló kàn. Ohun tí hóró ń fẹ́ kó tó hù yàtọ̀ sí ohun tí èèhù ń fẹ́ lọ́jọ́ kejì tó yọ sókè, ohun tí tòmátì tó ń yọ òdòdó ń fẹ́ sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ilé kan ṣoṣo lẹ sì ní. Àtikọ́ ilé ọ̀hún kò le tó àtimọ ìgbà tó yẹ kí ẹ yí i padà fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ìwé pélébé tó máa ń bá ohun èlò ilé náà wá kì í sọ èyí, torí ilé ni wọ́n ń tà, wọn ò ta ewébẹ̀.

Orí hóró ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Hóró kò nílò ajílẹ̀ kankan kó tó hù. Oúnjẹ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Omi, afẹ́fẹ́ àti ooru ló ń dúró dè. Ooru tí mo ń wí yìí, ti iyẹ̀pẹ̀ ni, kì í ṣe ti inú yàrá. Tòmátì máa ń hù dáadáa bí iyẹ̀pẹ̀ bá wà láàárín 21°C sí 27°C. Ata fẹ́ kó móoru díẹ̀ sí i, bíi 25°C sí 30°C, ìdí sì nìyẹn tí ata inú iyẹ̀pẹ̀ tútù fi lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kó tó yọjú, tí onítọ̀hún á ti dà á nù pé ó ti kú. Lẹ́tùsì ní tirẹ̀ kórìíra ooru: bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 27°C, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kò ní hù, á kàn sùn síbẹ̀. Ó sì tún ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ kó tó jí, nítorí náà ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sójú iyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ó tó. Ẹni tó bá kó tòmátì, ata àti lẹ́tùsì sínú tiréè kan ṣoṣo, tó gbé e síbi kan náà, á rí ọ̀kan tó hù, á wá máa bú ẹni tó ta méjì yòókù fún un. Ẹni ẹlẹ́ni kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Fún àwọn hóró tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi ti lẹ́tùsì, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta nínípọn hóró náà ni ìjìnlẹ̀ tó yẹ kí ẹ gbìn ín sí. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hú nínú ọgbà kò dára fún èyí. Ó wúwo, omi kì í tètè jò nínú rẹ̀, ó sì máa ń gbé àìsàn àti èpò wá. Ohun tó fúyẹ́ tó sì mọ́ ni kí ẹ lò, bíi háhá àgbọn lílọ̀ tí wọ́n ti fọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò.

Kí ẹ tó fọ́n hóró tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ dán an wò ná. Ẹ to hóró mẹ́wàá sórí tíṣù tó rin, ẹ ká a, ẹ kì í bọ inú ọ̀rá, kí ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá (ata lè jù bẹ́ẹ̀), ẹ ka iye tó hù. Bí méje bá hù, ẹ ti mọ̀ pé ẹ ní láti fọ́n ju iye igi tí ẹ ń fẹ́ lọ. Bí méjì péré bá hù, ẹ wá òmíràn. Hóró àlùbọ́sà kì í pẹ́ sọ agbára nù, ọdún kan sí méjì ni. Ti tòmátì lè lo ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa hóró nínú àpótí. Òfin kan wà tí àwọn onímọ̀ hóró ń pè ní ti Harrington: láàárín ààlà kan, bí omi inú hóró bá fi 1% dín, ìgbà tó lè lò di ìlọ́po méjì, bí ibi tí ẹ fi í sí bá sì fi 5°C tutù sí i, ó tún di ìlọ́po méjì. Ike tó dé pinpin nínú fíríìjì ṣe é ju pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ fíìfíì. Bí ẹ bá sì rí F1 lára àpò hóró, àmì pé irú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pa pọ̀ láti fi mú un jáde, ẹ jẹ èso rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, àmọ́ ẹ má ṣe tọ́jú hóró inú rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ọmọ á jọ ìyá.

Ọjọ́ tí èèhù bá yọ ni nǹkan yí padà, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ọ̀rá tí ẹ fi bo tiréè gbọ́dọ̀ kúrò lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá gbé e sórí ohun tó ń mú iyẹ̀pẹ̀ gbóná, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ooru tó jẹ́ ọ̀rẹ́ hóró ti di ọ̀tá èèhù. Ohun tó ń wá báyìí ni ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ àti ibi tó tutù díẹ̀. Fún tòmátì, bíi 18°C sí 21°C lọ́sàn-án, kó sì lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i lóru. Bí ooru bá pọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, á sáré ga, ọrùn rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́, á funfun, á sì dojú bolẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ebi ló ń pa á, wọ́n á bu ajílẹ̀ sí i, á túbọ̀ máa sáré lọ sókè. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kò fi bẹ́ẹ̀ tó, bó ti wù kó mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀dá. Bí ẹ bá fẹ́ lo iná, ẹ jẹ́ kó máa tàn fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, kí ẹ sì máa pa á lálẹ́. Iná ọ̀pá gígùn ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn gan-an, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. LED tó lágbára gbọ́dọ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má jó ewé.

Ẹ tún lè máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra èèhù tòmátì lórí lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹni tó bá rí yín á rò pé ẹ̀ ń kí wọn ni, ṣùgbọ́n mímì yẹn máa ń jẹ́ kí igi wọn kúrú, kó sì nípọn.

Àìsàn kan wà tó ń gé èèhù lọ́rùn. Ẹ ó sùn, ẹ ó jí, ẹ ó bá wọn nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ìdí igi wọn á ti rọ̀, á ti tín-ín-rín bí òwú. Pythium àti Rhizoctonia, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú iyẹ̀pẹ̀, wà lára àwọn tó ń fà á, wọ́n sì fẹ́ràn iyẹ̀pẹ̀ tó rin gbindin, tó tutù, níbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́. Èyí tó bá ti ṣubú kò ní oògùn. Ìdáàbòbò ló wà: ẹ fọ́n hóró kó jìnnà síra, ẹ fi bílíìṣì ìwọ̀n kan nínú omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án fọ tiréè tí ẹ ti lò rí, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa mu omi láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbé tiréè sínú omi díẹ̀, bí ojú iyẹ̀pẹ̀ bá ti rin ẹ gbé e kúrò, kí ẹ sì dúró kí ojú yẹn gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún fún un. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ wọn jẹ́jẹ́ wúlò ju gbogbo oògùn tí wọ́n ń polówó lọ.

Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ, inú hóró ló ti wá. Ẹ ní sùúrù dìgbà tí ewé tó jọ ti ewéko náà gan-an bá yọ, kí ẹ tó ṣí i lọ sínú ike tó tóbi. Ìgbà yẹn náà ni ajílẹ̀ olómi bẹ̀rẹ̀, kí ó má ju ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ewé ni kí ẹ fi ọwọ́ mú, ẹ má mú igi rẹ̀. Bí ewé bá já, òmíràn á yọ; bí ọrùn bá ṣẹ́, ó parí nìyẹn. Tòmátì nìkan ni mo ń rì mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, torí gbogbo ibi tí iyẹ̀pẹ̀ bá kàn lára igi rẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò.

Ẹ wá jẹ́ ká wọnú ilé náà. Gíláàsì, polycarbonate (ike líle tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá) tàbí ọ̀rá, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó mú. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀rá lásán máa ń gbó sára oòrùn kíákíá, á sì ya. Èyí tí wọ́n ṣe fún gíríìnháòsì, tó ní ohun tó ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, máa ń lò tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Polycarbonate ní ẹ̀yìn àti iwájú: ojú tí wọ́n fi ohun adènà oòrùn pa ni kó kọjú síta. Kí ẹ sì so ilé náà mọ́lẹ̀ dáadáa, torí pé atẹ́gùn máa ń gbé ilé tó fúyẹ́ lọ.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi owó yín sí. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, bí ìta tilẹ̀ tutù, ilé tí wọ́n tì pa lè kọjá 40°C kí ẹ tó padà dé láti ibi iṣẹ́. Ilé kékeré ló burú jù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò pọ̀, ó máa ń yára gbóná ó sì máa ń yára tutù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kọ́ èyí tó tóbi jù tí àyè rẹ̀ gbà. Ooru máa ń gòkè, nítorí náà fèrèsé gbọ́dọ̀ wà lórí òrùlé, kí òmíràn sì wà nísàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù máa gbà wọlé. Bí ẹ bá ṣírò fèrèsé òrùlé sí nǹkan bíi 15% sí 20% ilẹ̀ ilé náà, ẹ kò jìnà. Ilé tó fẹ̀ ní mítà 2, tó gùn ní mítà 3, fèrèsé tó sún mọ́ mítà kan níbùú lóròó ló ń fẹ́, èyí tó ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé àtà ń ní lọ. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń ṣí fèrèsé fúnra rẹ̀ láìlo iná: ìda tó wà nínú rẹ̀ ló ń wú bó bá gbóná, tí á sì ti fèrèsé sókè. Èyí ni mo máa rà ṣáájú ohun èlò èyíkéyìí mìíràn. Ẹ gbé tẹmọ́mítà tó ń fi ooru tó ga jù àti èyí tó kéré jù hàn kọ́ sí ibi tí ewé wà, kí ẹ ṣíji bò ó. Tẹmọ́mítà tí oòrùn ń pa, ara rẹ̀ ló ń wọ̀n, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Nígbà tí tòmátì bá wá yọ òdòdó, ohun tó ń fẹ́ tún ti yí padà. Bí ọ̀sán bá ń kọjá 35°C, lẹ́búlẹ́bú akọ inú òdòdó á bàjẹ́, òdòdó á sì máa já. Bí òru bá lọ sísàlẹ̀ 13°C, èso kì í dúró dáadáa. Kódà èyí tó ti so, bí ooru bá ń ju 30°C lọ lójoojúmọ́, kì í pọ́n dé ibi pupa, á kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀n tó ń gba 30% sí 50% oòrùn dúró lásìkò ooru á ràn yín lọ́wọ́. Akọ àti abo wà nínú òdòdó tòmátì kan náà, síbẹ̀ ó ń fẹ́ kí nǹkan mì í. Níta, atẹ́gùn àti oyin ńlá ló ń ṣe é. Nínú ilé, ẹ̀yin ni. Ẹ gbọn igi rẹ̀ ní ọ̀sán, tàbí kí ẹ gbé ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì eyín oníbátìrì kan ọ̀pá òdòdó. Kùkúńbà yàtọ̀: akọ òdòdó dá wà, abo dá wà, abo ló ní kùkúńbà kékeré lẹ́yìn. Àwọn irú kan wà tó ń so láìsí akọ, àwọn yẹn ni kí ẹ wá fún inú ilé.

Bí ìdí èso tòmátì bá dúdú tó sì jẹrà, ẹ má tètè sáré ra kálísíọ́mù, èròjà tí àìtó rẹ̀ nínú èso ń fa èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀. Omi tí ẹ ń fún un lónìí tí ẹ sì gbàgbé lọ́la ni kò jẹ́ kó dé inú èso. Ẹ máa fún un déédéé, láàárọ̀.

Eṣinṣin funfun ni ẹ máa bá pàdé jù nínú àwọn kòkòrò. Abẹ́ ewé ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ ni kí ẹ máa yẹ̀ wò, kí ẹ sì gbé páálí aláwọ̀ ìyeyè tó ní gọ́ọ̀mù kọ́ láti fi mọ ìgbà tí wọ́n dé. Ọdún 1926 ni àgbẹ̀ tòmátì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe àfiyèsí sí ọmọ eṣinṣin funfun tó di dúdú. Agbọ́n kékeré kan, Encarsia formosa, ló ń yé ẹyin sínú wọn. Títí di òní, wọ́n ń tú u sílẹ̀ nínú gíríìnháòsì. Àmọ́ ẹni tó bá ti fọ́n oògùn apakòkòrò tó le, agbọ́n yẹn ló máa kọ́kọ́ pa. Bí ẹ bá fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ dí fèrèsé, kòkòrò kò ní wọlé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà á dín kù, nítorí náà ẹ mú fèrèsé náà fẹ̀ sí i.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ lọ́ síta, ẹ kọ́ ọ ní ìta ná. Awọ ewé tó dàgbà sínú ilé fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan, á funfun, á sì jó. Fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹ máa gbé wọn jáde, lábẹ́ ibòji fún wákàtí díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà oòrùn àárọ̀, títí wọ́n á fi lè sùn síta. Ẹ fún wọn lómi kí ẹ tó lọ́ wọn, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, kí ẹ sì tún fún wọn lómi bí ẹ bá ti lọ́ wọn tán.