Àgbò lé akọni

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí láàárọ̀ yìí lóko wa lójú ọ̀nà Ìkìrun, l'Óṣogbo níbí. Mo so okùn gígùn mọ́ ọmọ ajá tí mò ń kọ́ ní dída àgùntàn, mo ní kó máa lọ.

Ẹ wo ọmọ! Ó yí gba ẹ̀yìn wọn, ó rẹra sílẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi ń kan koríko, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó tẹjú mọ́ wọn, kò tilẹ̀ gbó. Ni àgùntàn bá ń rọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Àfi bí àgbò ṣe yíjú padà, tó fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì! Kíá, akọni ti wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Mi ò nà án o, kó má lọ máa bẹ̀rù àgùntàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, ṣé tiyín náà ń sá fún àgbò?