Aró Orí Iyán: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Níbi Ayẹyẹ Màmá

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ aṣọ àdìrẹ lẹ́yìnkùlé bíi tèmi, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, ọbẹ̀ ti jinná, ẹ gbé bàsíà méjì síta, ẹ so aṣọ, ẹ rì í, ẹ sá a, ẹ wá dúró tì í bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tó rán wa níṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa dùn mọ́ wa.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá wò yín lójú, tó ní, "Ìyàwó wa, o ò ṣe kúkú bá wa ṣe aṣọ ẹbí?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì kọjá. Èékánná mi ṣì búlúù.

Òkè-Àrò ni mò ń gbé níbí, l'Ákùúrẹ́. (Wọ́n ti fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ tó: "Ará Òkè-Àrò tí aró ò gbọ́ tirẹ̀." Ẹ ṣeun, mo gbọ́.) Àsìkò kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà pa, tí ọwọ́ mi dilẹ̀ dóríi pé mo ń ka iye òkúta tó wà nínú ẹ̀wà. Ìyá kan tó jẹ́ ará Abẹ́òkúta, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ló fà mí wọlé. Ó kọ́ mi ní oníko, èyí tí a ń fi ìko so. Ó kọ́ mi ní alábẹ́rẹ́, èyí tí a ń rán kí a tó rì í. Ó wá kọ́ mi ní ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ iṣẹ́ sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ràn jù. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà kò ní gba aró. Tí ẹ bá ha ẹ̀kọ náà kúrò lẹ́yìn tí aṣọ gbẹ, ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà á wá jókòó síbẹ̀, funfun báláú láàárín aró. Mo ti rẹ kọ́tìnì, mo ti rẹ àpò ìrọ̀rí, mo ti rẹ aṣọ orí tábìlì, mo ti rẹ gèlè fún gbogbo tíṣà ilé ìwé wa. Ọkọ mi ní ó ku kí n rẹ òun náà.

Màmá ọkọ mi fẹ́ pé 80 ọdún. Òǹdó ni wọ́n ń gbé, níbẹ̀ sì ni ayẹyẹ máa ti wáyé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ obìnrin, àkọ́bí wọn, ló wá sílé wa, tó rí kọ́tìnì, tó fọwọ́ pa á, tó ní, "Ìyàwó wa ló máa ṣe aṣọ yìí. Kí la fẹ́ fi àńkárá tí gbogbo ayé ti wọ̀ ṣe?" Ènìyàn 36, yáàdì mẹ́rin-mẹ́rin. Ọkọ mi wò mí. Mo ní kò burú.

Ẹ má bá mi wí. Ta ló ń kọ iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ? Kí n sì má parọ́, orí mi wú.

Oṣù kẹfà ni, òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, owó aṣọ ò sì tètè pé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rẹ aṣọ 36. Èmi tí mo máa ń fi ọjọ́ méjì rẹ kọ́tìnì kan! Ọmọbìnrin mi ń bá mi gbé omi, ọkọ mi ń bá mi sá aṣọ sí gáréèjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo na ọwọ́ sí ọ̀rá háídíró, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tó máa ń rùn bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, mo bá a ní ṣíṣí lórí fèrèsé kíṣíìnì. Ó ti tó ọjọ́ méjì tó ti wà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rinrin. Kò rùn mọ́. Mo tún gbé e súnmọ́ imú, kò rùn. Mo dà á sínú aró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo aró èlú oníkẹ́míkà bíi tèmi ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Tí aró bá dáa, aṣọ kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n ló máa ń gbé jáde, afẹ́fẹ́ ló máa ń sọ ọ́ di búlúù díẹ̀díẹ̀ níṣojú ẹni. Háídíró ló ń jẹ́ kí aró yọ́ dáadáa kó lè wọnú òwú lọ. Tí kò bá ní agbára mọ́, aró á kàn jókòó sórí aṣọ bí eruku tó bà sórí tábìlì. Lọ́jọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin, tààrà ní búlúù ni aṣọ mi ń jáde. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ mi: "Ó tiẹ̀ ti yá ju tàná lọ."

Mo fi omi ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Omi náà dúdú. Mo ní gbogbo aró ló máa ń ṣí díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Téélọ̀ ti ń pè.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, kí n sọ òótọ́, aṣọ yẹn rẹwà. Tí ẹ bá rí wọn bí wọ́n ṣe tò jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Àwọn èèyàn ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rà á, ẹ̀gbọ́n ń na ìka sí mi. Mo dìde, mo tún gèlè ṣe, mo jókòó. Òjò wá bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń rìn lọ síbi àsè. Kì í ṣe òjò ńlá, òjò winniwinni lásán ni, èyí tí ènìyàn ò ní torí rẹ̀ ṣí agbòòrùn.

Aṣọ àga ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n fi aṣọ funfun bo gbogbo àga tó wà níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi dìde láti lọ gbé omi, mo sì rí ìdí rẹ̀ lórí àga, búlúù, rogodo méjì, bí ìgbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Mo ní bóyá inki ni. Mo wo àga kejì. Mo wo ẹ̀kẹta. Ọ̀kan nínú àwọn olóyè wọ agbádá funfun, ó sì ti dì mọ́ àwọn ọmọ Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan láti kí wọn kú oríire. Àyà agbádá rẹ̀ dà bí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà. Òun fúnra rẹ̀ ò tíì mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo dìde kí n lè dé ọ̀dọ̀ Màmá kó tó di pé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀. Mo pẹ́.

Ẹ mọ̀ wá, a ò lè ṣe ayẹyẹ l'Óńdó kí iyán má sí níbẹ̀. Wọ́n ti gbé ti Màmá síwájú wọn, iyán gidi tí wọ́n gún lẹ́yìn ilé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun rò. Ó funfun, ó ń dán, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Màmá ti fọ ọwọ́, wọ́n nu ún sára ìró bí wọ́n ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n bu òkèlè àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò wà lórí iyán náà, búlúù, kedere dóríi pé ẹ lè ka ìlà tó wà nínú àtàǹpàkò. Òkèlè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Màmá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n wá wo ọwọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbójú sókè tí wọ́n rí mi.

"Ìyàwó, kí ni wọ́n fi gún iyán yìí?"

Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Obìnrin kan tí n ò mọ̀ rí ló bú sẹ́rìn-ín, ló bá di ẹ̀rín káàkiri, olóyè wo àyà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wo abẹ́ apá rẹ̀, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò bà lé. Mo sá lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń gún iyán, mo dúró sáàárín odó àti igbá, mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ọmọ kan tó ń gún iyán ní, "Àǹtí, ẹ ti fi nǹkan nu ojú." Ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo fi nu omijé. Èmi náà ti di búlúù.

Nígbà tí a ń padà sí Akúrẹ́ lálẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n sọ nínú ọkọ̀: "Aṣọ ẹbí, ìyàwó wa." Títí a fi dé ilé.

Bí mo ṣe tún un ṣe kò gùn. Mo tọ ìyá Abẹ́òkúta lọ, wọ́n bú mi dáadáa, mo ra háídíró tuntun, mo gba aṣọ 29 padà, a tún wọn rì, a fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí wọn tán, ó tán. Àwọn méje tó kù láwọn ò ṣe mọ́, mo dá owó wọn padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé.

Èyí àkọ́kọ́ ni hánkáfù. Ẹ fi omi rẹ hánkáfù funfun díẹ̀, ẹ fi pa aṣọ náà bí ìgbà tí ẹ ń nu tábìlì, ẹ wò ó. Tí búlúù bá wà níbẹ̀, aṣọ yẹn ò tíì kúrò nílé yín. Nǹkan tí kò gba ìṣẹ́jú kan! Hánkáfù wà nínú báàgì mi ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn.

Èkejì, ẹ di ẹnu ọ̀rá háídíró yín kí ẹ sì gbé e kúrò níbi ọ̀rinrin. Tí aṣọ bá jáde ní búlúù tààrà, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo ń yin ara mi. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ wá gbàgbé gbogbo èyí, hánkáfù á sọ fún yín.

Ẹ̀kẹta, aṣọ. Mẹ́fà nínú aṣọ 36 yẹn ò gba aró dáadáa rárá, àní lẹ́yìn tí a tún un rì. Ẹni tó tà á fún mi ní òwú ni. Ẹ gé fọ́nrán díẹ̀ létí aṣọ, ẹ fi iná sí i: òwú á jó bí ìwé, á di eérú, aṣọ ọlọ́rá tí kì í ṣe òwú á yọ́, á dì bíi kóró. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀ o! Ìyá ti kọ́ mi. Ìkánjú ni kò jẹ́ kí n ṣe é, nítorí náà n ò bá ọlọ́jà jà.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ tó yẹ kí n kọ́ ni pé kí n má gba iṣẹ́ mọ́, pé eré ọwọ́ dilẹ̀ ni kí n fi ṣe. Bóyá. Ṣùgbọ́n mo rò pé iye bàsíà ẹni ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kà. Bàsíà méjì ni mo ní, aṣọ mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ 36 gba ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tó bá sì ń kán yín lójú kó lọ ra àńkárá. (Èyí kò kan ìtàn mi, àmọ́ torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: kọ́sítíìkì, ìyẹn kẹ́míkà líle tí a ń pò mọ́ aró, ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn.)

Hánkáfù o. Mo ti sọ ọ́, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a gbé aṣọ Màmá lọ sí Òǹdó fún wọn. Mo ti lọ̀ ọ́, mo ti ká a sínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀, mo nà án sí wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n fa hánkáfù funfun yọ nínú àpò bùbá wọn, wọ́n tì í bọ inú ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fún un, wọ́n wá fi pa aṣọ náà níbi mẹ́ta: ọrùn, apá, etí ìró. Wọ́n gbé e sójú fèrèsé, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ó dáa," Màmá wí. "Ẹ gbé iyán wá."