Àyẹ̀wò ọdún mi: ìbéèrè tí ọkọ mi kò dáhùn

Ní ìsìn àìsùn ọdún, àlùfáà á ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú. Ẹnì kan á dúpẹ́ ilé tuntun, òmíràn á dúpẹ́ ọmọ tó yege nínú ìdánwò bákì, òmíràn á gbé ìbejì sókè, ìjọ á sì hó yèè. Tèmi kò ṣe é sọ láàárín ìṣẹ́jú méjì, kò sì síbi tí èèyàn ti lè pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Ibí ni mo ti máa sọ ọ́.

Ọdún 2016 ni èmi àti ọkọ mi fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó ní mérì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Benin, ká tó lọ gba ìbùkún ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. A kò tíì bímọ. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Wàndó, níbi tí gbogbo obìnrin ti jẹ́ ìyá ẹnì kan: Ìyá Bọ́lá, Ìyá Ìbejì, Ìyá Sùnmọ́nù. Èmi, Ìyàwó ni wọ́n ń pè mí títí dòní. Kì í ṣe èébú, wọ́n fẹ́ràn mi. Àmọ́ ọjọ́ míì wà tó máa ń dún létí mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ lẹ́yìn wa bọ́ síta lọ́dún yìí. Bàbá, àbúrò bàbá ọkọ mi tó ti di olórí ẹbí, ránṣẹ́ pè wá sí Kétu. A wọ takisí, a gba Sákẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ kọjá, a kò sì sọ nǹkan kan fún ara wa lọ́nà àfi àríyànjiyàn lórí iye tí wọ́n ń ta iṣu. Mo mọ ohun tí wọ́n pè wá fún. Òun náà mọ̀.

Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jọ̀ọ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Orí ogun ló ti bẹ̀rẹ̀: bí Dàhòmì ṣe fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ, àti bí àwọn tó ṣẹ́ kù ṣe padà wá tún ìlú tẹ̀ dó nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì. Ó nawọ́ sí ọ̀nà Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. “Bàbá ńlá yín wà lára àwọn tó padà. Ogun kò pa orúkọ ilé yìí rẹ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ pa á rẹ́ nígbà tí ìlú tòrò?” Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ló bá kan Bíbélì. Ó ní Ábúráhámù, bàbá ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀, gba Hágárì, ẹrúbìnrin aya rẹ̀, kó lè bímọ. Kò dìgbà tí mérì bá gbọ́. Kí ọmọkùnrin yìí mú obìnrin kan sílé jẹ́ẹ́jẹ́ ní Kétu, kí ìyàwó Àjàṣẹ́ máa wà ní Àjàṣẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ mérì, Bàbá mọ ohun tó ń sọ. Òfin ẹbí tí ìjọba Benin fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004 kò mọ ìgbéyàwó mìíràn ju ọkọ kan aya kan lọ. Èyí tí ilé aṣòfin kọ́kọ́ gbé jáde fún ọkùnrin láyè láti yàn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa dá a padà ní oṣù kejìlá 2002, nítorí pé ó fún ọkùnrin ní ohun tí kò fún obìnrin. Bẹ́ẹ̀, mélòó ni ilé tí ìyálé àti ìyàwó wà tí ìwé mérì kankan kò mọ̀ nípa wọn! Ọkọ mi ì bá ṣe é, kò sí ọlọ́pàá tí ì bá wá.

Ó dá Bàbá lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Bàbá, nínú ìwé tí ẹ kà yẹn, Ọlọ́run kọ́ ló ní kó gba Hágárì. Sárà ló dá àbá, Ábúráhámù ló gbà. Nígbà tó sì dìjà, aboyún yẹn náà ni wọ́n ni lára tó fi sá lọ sínú aginjù.” Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà kan wá bi í léèrè ohun tí gbogbo wọn fẹ́ bi í láti àárọ̀: “Ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Wọ́n mọ̀ pé a ti ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù, àwa méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í gbà láti lọ, lójú wọn, ọ̀rọ̀ inú obìnrin ni. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́ lè wà lára ọkùnrin, ó lè wà lára obìnrin, ó sì lè wà lára àwọn méjèèjì. Ọkọ mi lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á létí. A mọ ohun tí dókítà sọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí ó sọ lọ́jọ́ náà, ẹrù á sì kúrò lórí ọ̀kan nínú wa.

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni.”

Wọ́n tún bi í. Ó tún wí bẹ́ẹ̀. Bàbá fi ìbínú bi í, ó wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Kò sí ìgbéyàwó tí mo tà aṣọ ẹbí rẹ̀ tí wọn kì í ti ka Éfésù orí karùn-ún: “Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fẹ́ràn àwọn aya yín, gẹ́gẹ́ bí Kristi ti fẹ́ràn ìjọ, tí ó sì fi ara rẹ̀ fún un.” Oníwàásù á wá máa ka owó oúnjẹ, owó aṣọ, àti bí ọkọ ṣe gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo rí ní Kétu ju ìyẹn lọ. Kristi kò dúró lápá kan kí ó máa nàka sí ẹni tó jẹ̀bi. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wa, nígbà tí wọ́n sì bi í pé ta ni, ó ka ara rẹ̀ mọ́ wa.

Àwọn oníwàásù tún fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí Ẹlikénà sọ fún Hánà, aya rẹ̀ tó yàgàn, pé ṣé òun kò sàn fún un ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Pẹ̀nínà, ìyàwó rẹ̀ kejì, ti bímọ fún un kó tó sọ bẹ́ẹ̀! Kò ṣòro fún ẹni tó ti yó láti sọ pé ebi kì í ṣe nǹkan. Ọkọ mi fẹ́ ọmọ. Mo ti rí i tó gbé ọmọ ọlọ́mọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò fẹ́ dá a padà fún ìyá rẹ̀. Ó ń fẹ́, kò rí, kò sì lọ. Nínú ìwé Hóséà, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe sọ fún àwọn tí kò fún un ní nǹkan kan padà pé, “Èmi ó sì fẹ́ ọ fún ara mi títí láé.”

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè ṣàì sọ. Lọ́dún yìí kan náà, oníbàárà mi kan wá ra aṣọ pẹ̀lú ojú tó wú. Ìtàn Hóséà yìí, wòlíì tó gba aya tó dà á padà, ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó lù ú. N kò gbà. Ẹni tí wọ́n dà ni Ọlọ́run nínú ìwé yẹn, òun ló sì yàn láti dúró. Kò sí ibi tó ti ní kí obìnrin máa jẹ ìgbátí kí májẹ̀mú má bàa bàjẹ́. Ẹni tó nawọ́ yẹn ti ba tirẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ má sì rò pé áńgẹ́lì ni mo fẹ́. Lẹ́yìn tí a dé láti Kétu, ó di ojú pọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, n kò mọ̀ bóyá èmi ló ń bínú sí tàbí Bàbá. Kì í fọ abọ́. Bó bá sì mú obìnrin míì wá lọ́la, ìwà Ọlọ́run kò ní torí ẹ̀ yí padà. Òjìji lọkọ mi jẹ́, nígbà míì ó máa ń wọ́. Síbẹ̀, òjìji yìí ni mo fi mọ ibi tí oòrùn wà lọ́dún yìí.

Mo ṣì ń gbàdúrà ọmọ. N kò kàn dá àkókò fún Ọlọ́run mọ́ pé “kí ọdún yìí tó parí”.

Bàbá pe ọkọ mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ṣé ó ti ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun ti rò ó, ibi tí òun wà lòun ṣì wà. Bàbá kùn díẹ̀, ó wá ní kó gbé fóònù fún ìyàwó. Ó bi mí bóyá àǹkárá aláró tí òun rí lára mi nígbà yẹn ṣì kù lọ́jà. Mo ní ó kù. A máa gbé yáàdì mẹ́fà lọ fún un ní oṣù kìíní. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ọkọ mi ló máa san owó takisí.