Ẹja Ọ̀ṣọ́ Kì í Ṣe Àrọ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Létí Adágún Ẹ̀yìnkùlé Mi

Ẹja 11 ni mo bá lójú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo wọn ti yí ikùn sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, wọ́n ṣì sáré wá jẹun lọ́wọ́ mi. Omi ò rùn, ológbò ò sì dé ibẹ̀. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù nígbà iṣẹ́, mò ń wò wọ́n, mi ò mọ ohun tí mo ṣe tó burú.

Òkè-Baálẹ̀ nílùú Òṣogbo níbí là ń gbé. Ọdún 3 ni mo ti fi sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú dígí ní pálọ̀ kí n tó ní kí bíríkìlà bá mi mọ adágún kékeré sí ẹ̀yìnkùlé. Èrò mi ni pé ẹja ilẹ̀ olóoru ni wọ́n. Nílùú Òyìnbó, iná ni wọ́n fi ń mú kí omi wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn kì í sì í gbé wọn síta àfi nígbà ooru. Àwa ní oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló wá kù? Bàbá kan tó ń sin àrọ̀ ní ilé kejì sí tiwa tún fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹja lẹja ń jẹ́. Ṣáà máa bọ́ wọn dáadáa, tómi bá ti dọ̀tí, dà á nù, kó o pọn òmíràn sí i." Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà."

Símẹ́ńtì ló kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Bíríkìlà parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo pọn omi kún adágún lọ́jọ́ kejì, mo da ẹja sí i lọ́jọ́ Àìkú. Kó tó di Ọjọ́rú, kò sí ọ̀kan tó kù. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń jẹ ara. Bí omi inú kọ̀ǹkéré tuntun ṣe ń rí nìyẹn, torí ohun tó wà nínú símẹ́ńtì ń yọ́ sínú rẹ̀, ó sì ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Ẹ má ṣe kánjú bíi tèmi. Ẹ pọn omi kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ògiri, kẹ́ ẹ tún pọn òmíràn. Mo ṣe é nígbà 5 kí n tó tún da ẹja sí i, ẹja 2 péré ni mo sì fi dán an wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹja 11 yẹn wá kú, èyí ló sì pẹ́ jù kó tó yé mi. Ọ̀rọ̀ Bàbá kì í ṣe irọ́, ọ̀rọ̀ àrọ̀ ni. Ọlọ́run fún àrọ̀ ní ohun kan lórí tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Ẹ máa rí i tó yọrí, tó gbé afẹ́fẹ́ mì, tó sì padà sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kó àrọ̀ rẹpẹtẹ sínú omi tó ti dúdú, tí wọn ò sì ní kú. Gọ́pì àti mọ́lì, àwọn ẹja ọ̀ṣọ́ kéékèèké tí mò ń sìn, ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú omi nìkan ni tiwọn, bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù. Adágún mi ìgbà yẹn ò ju orúnkún lọ, oòrùn ọ̀sán ń pa á tààrà. Nígbà tí mo ti tẹmómítà bọ̀ ọ́, 34 ló kà lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ 22 sí 28 ló tu gọ́pì lára jù.

Síbẹ̀, ọ̀sán kọ́ ni wọ́n kú. Ìdájí ni. Èéhọ̀, ìyẹn ewéko tíntìntín inú omi tó mú kí omi rí bí ewé, máa ń fún omi ní afẹ́fẹ́ níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá wà. Tílẹ̀ bá ti ṣú, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lo afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ẹja, pẹ̀lú oúnjẹ àjẹkù tó ń jẹrà nísàlẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ò tíì yọ ni afẹ́fẹ́ máa ń ṣẹ́kù díẹ̀ jù. Èmi tí mò ń wo adágún mi lọ́sàn-án, tí mò ń rí i pé wọ́n ń ṣeré, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Ẹ dìde ní aago 6, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí gbogbo ẹja bá kó ẹnu jọ sójú omi, tí wọ́n ń mí gúlegúle, ẹ má ṣe fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ bu omi tútù láti òkè dà sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa ṣàn, kó gbé afẹ́fẹ́ wọlé.

Mo fọ́ adágún yẹn, mo tún un mọ. Ó jìn tó 80 sẹ̀ǹtímítà báyìí. Ojúoró ló ń lékè omi, mo sì jẹ́ kó lékè ní tòótọ́, àmọ́ ìdajì ojú omi ni mo fún un. Tó bá bo gbogbo rẹ̀, mo máa ń kó o kúrò. Jíjìn omi yẹn náà ló gbà wá lọ́wọ́ ọ̀yẹ́, torí omi púpọ̀ kì í tètè tutù lóru. Tí ọ̀yẹ́ bá mú, mo máa ń dín oúnjẹ kù.

Mi ò da gbogbo omi nù mọ́ o. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni mò ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Lára òkúta àti ògiri ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ìtọ̀ ẹja di ohun tí kò léwu ń gbé, wọ́n sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó gbilẹ̀. Ẹni tó bá ń da omi nù tó ń fọ gbogbo rẹ̀ dànù ń lé wọn lọ ni. Omi ẹ̀rọ ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí kẹ́míkà inú rẹ̀ lè fò lọ.

Nípa irú ẹja, goldfish ni mo kọ́kọ́ pàdánù nínú ooru. Ẹja omi tútù láti Ṣáínà ni, ẹni tó tà á fún mi ò sọ. Gọ́pì, mọ́lì àti swordtail ló dúró. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kribensis, èyí tí ikùn rẹ̀ máa ń pọ́n tó bá fẹ́ yé ẹyin. Odò gúúsù Nàìjíríà ló ti wá, ẹja tiwa ni, bẹ́ẹ̀ dígí Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí i.

Gọ́pì ń bímọ bí oṣù bá ti ń yí, ààyè ọmọ ló sì ń bí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pọ̀ jù. Ọmọ àdúgbò kan ní kí n dà wọ́n sí odò Ọ̀ṣun. Mo kọ̀. Amẹ́ríkà Gúúsù ni gọ́pì ti wá, kì í ṣe ọmọ odò yẹn, ó sì lè máa jẹ ọmọ ẹja tó bá níbẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ pé ó tẹ́wọ́ gba ẹja ni ọba wa ti ń jẹ́ Àtáọ́ja, ẹja ni wọ́n ní Ọ̀ṣun rán níkọ̀ sí Láròóyè, ọba wa àkọ́kọ́. Mi ò lè kó ẹja àjèjì lọ bá wọn níbẹ̀. Mo tiẹ̀ fi àwọ̀n dí ẹnu páìpù tí omi òjò ń gbà jáde, kí ọ̀kankan má bàa ṣàn lọ sí gọ́tà.

Tanwíjí ni wọ́n ń jẹ ní tiwọn, láti ọjọ́ tí wọ́n sì ti wà níbẹ̀ mi ò rí tanwíjí kan nínú adágún yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá wá bá mi ní ìdájí, ó dúró létí omi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì mi lọ́wọ́, ó wò ó títí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, bá mi wá mẹ́fà nínú àwọn kékeré yìí. Dúrọ́ọ̀mù omi òjò mi ti kún fún tanwíjí." Mo bu wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ojúoró kan, mo sì bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà.