Gáréèjì Ọkọ̀ Mélòó Ni Kí A Kọ́?

Nígbà tí mo sọ fún Màmá lórí fóònù pé a fẹ́ kọ́ ilé ní ẹ̀yìn ìlú Houston, ní Texas, Amẹ́ríkà, àti pé ohun tí ó ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti ìyàwó mi ni bí gáréèjì ilé náà yóò ṣe tóbi tó, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bi wọn kọ́. Létí ẹni tí ó dàgbà sí Ìbàdàn, gáréèjì ni ibi tí àwọn agbèrò ti ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, ibi tí a ti ń ra búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá kí ọkọ̀ tó gbéra. New Garage wà ní Ìbàdàn, Old Garage wà ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kò sì gbàdúrà kí ó ní irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀. Mo ní kí a kúkú máa pè é ní ilé ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ náà tún ti nílé? Ó dáa o."

Ọkọ̀ bàbá wa kò nílé lóòótọ́. Peugeot 504 aláwọ̀ eérú ni, abẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ni ó sì ń sùn, tí ó kọjú sí géètì. Ní alaalẹ́, lẹ́yìn ìròyìn aago mẹ́sàn-án, bàbá wa á mú sípánà àti tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tú bátìrì, wọ́n á gbé e wọ pálọ̀, wọ́n á sì gbé e ka orí pákó kékeré kan tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ kí ásíìdì má baà jẹ kápẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀, wọ́n á tún so ó padà kí wọ́n tó lọ sí Sẹkitéríàtì. Olè tí ó bá fo ògiri wọlé lè rí ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí i wà lọ, kò sì ní rí bátìrì gbé tà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ibi tí ọkọ̀ ń sùn nìyẹn títí mo fi kúrò nílé.

Lọ́dọ̀ wa, ògiri ọgbà gan-an ni ilé ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ ní Ìbàdàn, yálà ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tàbí 60 sí 120, ni ó máa ń mọ ògiri yí i ká tí ó sì máa ń de géètì mọ́ ọn kí ìpìlẹ̀ ilé tó jáde, nítorí ilẹ̀ tí kò bá ní ògiri, ọmọ onílẹ̀ lè tún un tà fún ẹlòmíràn. Fífẹ̀ géètì náà, a kì í fi ọkọ̀ onílé wọ̀n ọ́n. Típà tí yóò já yanrìn àti táńkà tí yóò gbé omi wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ó kù láti rò ni bóyá ọkọ̀ lè yípo nínú ọgbà kí ó má di pé a ń fẹ̀yìn rìn jáde sí títì. Bí owó bá wà, a ó da ìńtálọ́ọ̀kì sílẹ̀, a ó sì fi páìpù mẹ́rin àti páànù ṣe àtíbàbà kí oòrùn má baà sán dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò bá ní ọgbà rárá, bí ọ̀pọ̀ ayálégbé Èkó, á máa san owó oṣooṣù fún ilé ìwé tàbí ilé epo kan nítòsí, á gbé ọkọ̀ sùn síbẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn wálé.

Kì í ṣe pé a kò mọ gáréèjì onílẹ̀kùn. Ní Bódìjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, mo mọ àwọn ilé tí wọ́n kọ́ yàrá ọkọ̀ mọ́, yàrá tóóró tí ó tó Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá. Èyí tí mo mọ̀ jù ni ti ọ̀rẹ́ bàbá mi kan. Lójú mi, ó kọ́kọ́ di ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí, ó di yàrá ọmọ àbúrò wọn tí ó wá ṣe ìdánwò tí kò sì tètè lọ, níkẹyìn ó di ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ibi tí ilẹ̀kùn ńlá bá ti kọjú sí títì lọ́dọ̀ wa, ọjà ni yóò wọ ibẹ̀.

Ti Houston yàtọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, amọ̀ tí ó máa ń wú bí òjò bá rọ̀, tí ó sì máa ń sán bí ọ̀dá bá dá ni ó pọ̀ níbẹ̀, omi kò sì jìnnà sísàlẹ̀. Nítorí náà, kò wọ́pọ̀ kí wọ́n gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilé bí àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà ti ń ṣe. Ohunkóhun tí kò bá ní àyè nínú ilé, gáréèjì ni yóò forí lé. A ti gbé ilé àyágbé kan tí ó ní gáréèjì ọkọ̀ méjì fún ọdún mẹ́fà, ọkọ̀ kankan kò sì sùn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ tí ń gbé omi gbóná wà níbẹ̀. Firísà tí a ń kó ààbọ̀ ewúrẹ́, pọ̀ǹmọ́ àti ewédú sí wà níbẹ̀. Ìkòkò àsè mẹ́ta wà níbẹ̀, àti àwọn àga tí a ń ká pọ̀, àti dọ́rọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù méjì tí a ń rọra kó aṣọ àti ọṣẹ sínú wọn títí wọn yóò fi kún, kí a tó fi wọ́n ránṣẹ́ sílé. Ẹrù sùn nínú ilé, ọkọ̀ tí a ń san gbèsè rẹ̀ sùn nínú oòrùn. Bí a bá rò ó dáadáa, ọkọ̀ bàbá mi lábẹ́ máńgòrò sàn díẹ̀.

Obìnrin tí ó ń ta ilé fún wa gbé àwòrán mẹ́ta kalẹ̀: gáréèjì ọkọ̀ méjì, ti ọkọ̀ mẹ́ta tí wọn yóò tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti èyí tí ọkọ̀ kẹta yóò wà níwájú ọ̀kan nínú méjì náà, bí ẹni tò fún epo. Mo béèrè ìwọ̀n wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ti ọkọ̀ méjì nìyí, ti mẹ́ta nìyẹn. Ṣe ni ó dà bí ẹni tí ó béèrè bí kóńgò alágbàtà ọjà kan ṣe tóbi tó, tí wọ́n dá a lóhùn pé kóńgò kan ni. Àwa tí a ti na ọjà Bódìjà mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Nígbà tí mo rí ìwé, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 20 ni ti ọkọ̀ méjì náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀ ní 16, ó sì ga ní 7.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a gba àyè níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, a fi ṣọ́ọ̀kì àwọn ọmọ fa igun mẹ́rin sórí kọnkéré, 20 sí 20, a sì wa ọkọ̀ wa méjèèjì sínú rẹ̀. Sienna gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 17, ó sì fẹ̀ ní mẹ́fà àti ààbọ̀. Camry gùn tó 16, ó fẹ̀ ní mẹ́fà. Fífẹ̀ tí ó kù jẹ́ méje àti ààbọ̀, tí a ní láti pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, àárín ọkọ̀ méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Ó ku méjì àti ààbọ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Mo gbé àpótí ike kan síbi tí ògiri yẹ kí ó wà, mo ní kí ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn Camry kí ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti ọmọ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ jáde, ó fún ikùn pọ̀, ilẹ̀kùn sì kọlu àpótí. Ó ní, "Bàbá Tọ́lá, tí mo bá tún lóyún, ojú fèrèsé ni n ó máa bá jáde?" Níwájú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni ó kù fún Sienna, firísà nìkan yóò sì jẹ méjì àti ààbọ̀ nínú rẹ̀. Aládùúgbò wa ní ọkọ̀ akẹ́rù Ford F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ó gùn ju 19 lọ. Nígbà náà ni ó yé mi ìdí tí n kò fi rí i kí ó gbé e wọlé rí, àní nígbà tí wọ́n bá kéde pé òjò yìnyín ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ iye ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Ní ẹ̀yìn Houston, kò sí dánfó, kò sí máàrúwá, ibi tí a ti lè wọ bọ́ọ̀sì sì jìnnà, nítorí náà kò sí àgbàlagbà tí kò nílò ọkọ̀ tirẹ̀. Ní Texas, ọmọ ọdún 16 lè gba ìwé ìwakọ̀ àkọ́kọ́. A ní ọmọ mẹ́ta. Ọkọ̀ ń pọ̀ sí i níbẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, kì í ṣe bí owó ṣe ń wọlé, nígbà tí ó jẹ́ pé nílé, ipò àti owó ni ó ń sọ iye ọkọ̀ tí ó wà nínú ọgbà. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé òfin ni ó mú àwọn èèyàn wa ní ọkọ̀ kejì ni 1977, nígbà tí wọ́n pàṣẹ ní Èkó pé kí ọkọ̀ onínọ́ńbà dídọ́gba àti ti aláìdọ́gba máa pín ọjọ́ jáde. Àwọn olówó ra òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ kejì, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò nílò ni mo fi ń jà fún gáréèjì ọkọ̀ mẹ́ta.

Ohun tí ó mú mi rọ̀ ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n gé fún wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, a sì gbọ́dọ̀ fi márùn-ún sílẹ̀ lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì. Ojú ilé kò lè ju 40 lọ. Bí gáréèjì ọkọ̀ mẹ́ta bá jẹ 30 nínú rẹ̀, ilé yóò di ilẹ̀kùn páànù lásán tí ènìyàn ń gbé lẹ́yìn rẹ̀, bí ìlà ṣọ́ọ̀bù. Owó tí wọ́n bù lé àyè kẹta náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Corolla tuntun, wọn yóò sì máa fi kún iye tí a fi ń ṣírò owó orí ilé lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fa ògiri ẹ̀yìn sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré, kí jíjìn rẹ̀ di 24, kò tó ìdá mẹ́rin owó náà. Ibẹ̀ ni a fàbọ̀ sí: ọkọ̀ méjì, jíjìn 24, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tí ó ga ní 8. Ẹsẹ̀ bàtà méje tí ó wà níwájú Sienna ni firísà, dọ́rọ́ọ̀mù àti ìkòkò wà báyìí, èèyàn sì ń gba àárín wọn kọjá. Àṣìṣe kan ni a ṣe. Jíjìn ni a tẹjú mọ́, a gbàgbé fífẹ̀. Ó yẹ kí n fárígá fún ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí etí ilẹ̀kùn Camry ti ha ògiri débi pé ọ̀dà funfun wà lára rẹ̀ bí ẹfun.

Ẹ̀rù kan wà tí a kì í bá gáréèjì rò pọ̀ nílé. Gáréèjì ibẹ̀ so mọ́ ilé, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó là á kúrò lára ìdáná. Ilẹ̀kùn náà wúwo, ó ń pa ara rẹ̀ dé, ìlànà ìkọ́lé kò sì gbà kí gáréèjì ṣí tààrà sínú yàrá ibùsùn. Mo rò pé wọ́n ń ṣe àṣejù títí di oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù mú Texas, tí iná lọ fún ọjọ́ púpọ̀, tí àwọn kan ní Houston sì tan ọkọ̀ nínú gáréèjì kí ara wọn lè móoru. Èéfín pa nínú wọn. A kò ṣàì mọ ikú yìí nílé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ ilé jẹnẹrétọ̀ sí kọ̀rọ̀ ọgbà, jìnnà sí fèrèsé. Ọkọ̀ ni a kò fura sí, nítorí ìta gbangba ni ó máa ń wà.

Màmá wá bá wa gbé nígbà tí a bí èyí tí ó kẹ́yìn. Bí oòrùn bá ti rọ̀, wọ́n á ní kí a gbé Sienna síta, wọ́n á gbé àga sí ẹnu gáréèjì, wọ́n á máa pa ẹ̀gúsí, wọ́n á sì máa kí gbogbo ẹni tí ń mú ajá kọjá. Ibẹ̀ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò fi lẹ́tà ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò: ilẹ̀kùn gáréèjì kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí àfi tí ọkọ̀ bá ń wọlé tàbí tí ó ń jáde. Ẹsẹ̀ Màmá àti ọpọ́n ẹ̀gúsí hàn ketekete nínú fọ́tò náà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ni ilé, àbí àwọn?" N kò rí èsì fọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a bẹ̀rẹ̀ ilé kékeré kan ní Mọníyà, ní Ìbàdàn, àbúrò mi ni ó ń bójú tó o. Houston ti ràn mí; mo ní kí ayàwòrán fi gáréèjì ọkọ̀ méjì sí i, 24 sí 24, kí ẹnu rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ògiri títì kí ọgbà má baà fún. Nígbà tí bíríkìlà dé ìpele líńtẹ́ẹ̀lì, àbúrò mi pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni mẹ́ta ni ó ti dúró béèrè iye tí ẹ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yìí. Ìyá kan tí ń ta oúnjẹ adìyẹ ní òun yóò san ti ọdún méjì sílẹ̀, kí ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n fi ògiri pín in sí méjì."